Ibi Tó Yẹ Kó Ti Ṣẹ́

Ìró rẹ̀ kì í pọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ẹ̀ka igi gbígbẹ ló ṣẹ́ lábẹ́ táyà. Kàù! Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń dún, ọkọ̀ wà nínú gíà, pùròpẹ́là ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ṣùgbọ́n a ò kúrò lójú kan. Bàbá wa pa ọkọ̀, wọ́n gbé orí lé sítíárìn, wọ́n ní, "Ó tún ti ṣẹ́." Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ló ṣẹ́. Àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì epo lẹ́yìn ọkọ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣáàfùtù ẹ̀yìn ni. Ìgbà kẹta nìyẹn nínú ọdún 2018, òjò ọdún náà ò sì tíì dé ìdajì.

Màmá tí wọ́n jókòó níwájú ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn yíjú pa dà, wọ́n ń ka kẹ́ẹ̀gì. Ogún ni, lítà 25 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà wọn ń dúró ní Òrè, owó epo yẹn sì ni owó ilé-ìwé àbúrò wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ní Òkìtìpupa. Bí epo ò bá dé Òrè lọ́la, oníbàárà á ra ti ẹlòmíì. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ irin kọ́ nìkan la fẹ́ sọ.

Ohun tí a ṣe lọ́jọ́ náà la ti mọ̀ ọ́n ṣe bí orin. A tú nọ́ọ̀tì mẹ́fà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn, a fa ṣáàfùtù jáde láìyọ táyà, a fi ọ̀rá àti rọ́bà dí ojú ihò náà kí ẹrẹ̀ má wọlé. Bàbá tẹ kọ́ńdó olórí àwọ̀ ìyeyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà mọ́lẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí táyà iwájú náà máa fa ọkọ̀. A já kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá sílẹ̀, nítorí ẹrù tó wà lẹ́yìn ń jẹ́ kí iwájú fúyẹ́, táyà iwájú tó bá fúyẹ́ kò lè di ilẹ̀ mú. Táyà iwájú ló fà wá délé. A pa dà lọ kó èyí tó kù. Nígbà tó fi di aago mọ́kànlá alẹ́, ogún kẹ́ẹ̀gì ti pé lẹ́yìn ilé wa ní Ìrẹ̀lẹ̀. Ṣáàfùtù ṣẹ́, ṣùgbọ́n epo dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Àwa gbàgbé rẹ̀, ohun tó sì ná wa kì í ṣe kékeré.

Oko wa wà ní apá ìsàlẹ̀ Ìrẹ̀lẹ̀, níbi tí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọ̀nà omi àwọn ará Ìlàjẹ. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á mọ irú ọ̀nà tí à ń sọ: yanrìn lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ lásìkò òjò, gbòǹgbò igi láàárín méjèèjì. Ohun tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀dà wà lábẹ́ ilẹ̀ agbègbè wa. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914 ni ilé-iṣẹ́ àwọn Jámánì kan ti ń gbẹ́ ilẹ̀ wá a. Títí di òní, bí ẹ bá dé Àgbábù, ẹ máa rí i tó ń sun jáde fúnra rẹ̀. Ọ̀dà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, kò sí lójú ọ̀nà wa. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ wa fi jẹ́ Land Rover.

Land Rover Series III ni, èyí kúkúrú tí wọ́n ń pè ní 88, nítorí ínǹṣì 88 ló wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan tó gùn jù ú lọ, 109. Ọdún 1971 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Series III ní ìlú Òyìnbó, wọ́n sì ṣe é dé 1985. Èyí tó bí gbogbo wọn jáde ní 1948, iṣẹ́ oko ni wọ́n sì torí ẹ̀ ṣe é. Ní Nàìjíríà níbí náà, Leyland tó wà ní Ìbàdàn to Land Rover pọ̀ nígbà kan. Bàbá ra tiwa ní gbàǹjo, kí wọ́n tó bí àbígbẹ̀yìn wa. Wọ́n máa ń sọ pé ọkọ̀ yẹn ni ọmọ wọn kejì, bí ẹni kejì nínú wa bá sì gbọ́ ọ, inú ẹ̀ kì í dùn.

Ó dáa, kí ni ṣáàfùtù ń ṣe gan-an? Láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ìkòkò irin kan wà tí àwọn mẹ́kánííkì ń pè ní dífù. Pùròpẹ́là ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wá síbẹ̀, dífù á pín in sọ́tùn-ún àti sósì. Ọ̀pá irin méjì ló ń gba ìpín náà lọ fún táyà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àwọn ọ̀pá yẹn ni ṣáàfùtù. Ti ọ̀tún kúrú, ti òsì gùn, nítorí pé dífù Land Rover kò sí láàárín gbùngbùn. Lẹ́nu ṣáàfùtù tó wọnú dífù, wọ́n gé eyín sí i lára yí ká. Ti ọkọ̀ wa ní eyín 10.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, ṣáàfùtù yìí kan náà ló tún gbé ìwọ̀n ọkọ̀. Bó bá ṣẹ́ nítòsí táyà, táyà lè jáde kó sì máa yí lọ sínú igbó níwájú yín. Ti Land Rover wa ò rí bẹ́ẹ̀. Páìpù irin tó bo ṣáàfùtù ló gbé ìwọ̀n ọkọ̀, iṣẹ́ ṣáàfùtù kò ju kó yí táyà lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi lè fà á jáde láìyọ táyà, tí ọkọ̀ á sì ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rù iṣẹ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Tí a bá wọ gíà kíní tí a sì fa ọ̀pá olórí pupa, ìyẹn gíà ẹrẹ̀, agbára ẹ́ńjìnnì á ti di nǹkan bí ìlọ́po 40 lápapọ̀ kó tó pín dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Tí táyà kan bá ń yí lófo nínú ẹrẹ̀, tó wá kan gbòǹgbò lójijì tó sì dì í mú, gbogbo eré tó ń sá á di ìjà lójú ẹsẹ̀, ṣáàfùtù ni ìjà náà á bá.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá mẹ́kánííkì wa wá sílé. Ó fi òòfà tó so mọ́ wáyà yọ kùkùté tó kù nínú dífù, ó fi àkísà nu ojú ibi tó ti ṣẹ́, ó pè wá.

"Ẹ wò ó. Apá ibí yìí dúdú, àbí? Apá ibí ń dán. Èyí tó dúdú yìí ti ṣẹ́ tipẹ́, ọ́ìlì ti wọ̀ ọ́. Èyí tó ń dán yìí nìkan ló ṣẹ́ lánàá."

A wò ó. Èyí tó dúdú ju ìdajì lọ. Ó tún fi eyín rẹ̀ hàn wá. Eyín tó yẹ kó tò gbọọrọ ti lọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Gbogbo oṣù tí à ń gun ọkọ̀ yẹn, tí à ń sọ pé ó dáa, ó ti ń ṣẹ́ lọ lábẹ́ wa.

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní kí wọ́n jó o pọ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Àbí a ti gbàgbé ni? Ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn, wẹ́dà kan jó o pọ̀ fún wa, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú àjópọ̀ náà gan-an. Wọ́n ti fi iná àti òmi tàbí ọ́ìlì sọ irin ṣáàfùtù di akin nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Iná wẹ́dà máa ń tú ohun tí iná àkọ́kọ́ ṣe ká: irin á gan níbì kan, á rọ̀ níbì kejì, ààlà méjèèjì ló sì máa ń já.

"Ọ̀rọ̀ táyà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́," Ọ̀gá wí. Ojú Ẹ̀gbọ́n bọ́ sílẹ̀. Táyà tó bá ọkọ̀ wá ni 6.00-16. Ní 2017, Ẹ̀gbọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí 7.50-16 tí wọ́n ń lò fún 109, nítorí ó ga, ó sì rẹwà. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ ga sókè kúrò nínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n táyà tó ga dà bí sípánà tó gùn: bí ó bá ṣe gùn tó ni ó ṣe ń lọ́ nǹkan tó. Lápá kejì, ilẹ̀ ló di sípánà náà mú, ṣáàfùtù wa ni nọ́ọ̀tì.

Ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ pa dà sí táyà kékeré. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n gbé fóònù wọn wá, wọ́n fi Land Rover àwọn èèyàn ilẹ̀ òkèèrè hàn wá tó ń gun òkè àpáta. Wọ́n ti kàwé, wọ́n ti wádìí. Wọ́n ní dífù ẹ̀yìn mìíràn wà, tí wọ́n ń pè ní Salisbury, tó máa ń wà lábẹ́ 109. Ṣáàfùtù tirẹ̀ nípọn, eyín 24 ló ní. Wọ́n ní tí èèyàn bá fi ìdá mẹ́rin péré kún ìnípọn ọ̀pá irin, agbára rẹ̀ láti kọ lílọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìṣirò yẹn kì í ṣe irọ́. Wọ́n ní ká gbé gbogbo rẹ̀, páìpù, dífù àti ṣáàfùtù, sábẹ́ 88 wa, ọ̀rọ̀ á parí.

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi: "Bí èyí ò bá ṣẹ́ mọ́, kí ló máa ṣẹ́?"

A rò pé ọ̀rọ̀ àgbà tí kò fẹ́ náwó ni. Gbogbo wa gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n. Àbúrò wa fúnra rẹ̀ ní ká mú owó ilé tóun fẹ́ gbà ní Òkìtìpupa, òun á máa ti Ìrẹ̀lẹ̀ lọ sí kíláàsì lójoojúmọ́. Odidi ọdún ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ló fi ń jí ní aago mẹ́rin àárọ̀ nítorí ṣáàfùtù. Màmá fi èyí tó kù kún un. Bàbá ò bá wa jà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ ni pé ká má ta ògbólógbòó náà fún àwọn tó ń ra páńda. Wọ́n ní kí wọ́n gbé e sábẹ́ igi máńgòrò.

Ẹ̀gbọ́n àti Ọ̀gá lọ sí Benin, sí ọjà Uwelu, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Wọ́n gbé Salisbury kan wálé tí ìkòkò rẹ̀ tóbi bí ikùn aláboyún. Àwọn tó ní ẹ̀rọ lathe ló gé pùròpẹ́là wa kúrú kó lè bá a mu. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é lábẹ́ igi. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 nìyẹn.

Ká sòótọ́, a gbádùn rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko, a ò gbọ́ kàù. Kẹ́ẹ̀gì 20 di 28. Ojú ọ̀nà tí a máa ń bọ́ sílẹ̀ wò tẹ́lẹ̀, a kàn ń wọ̀ ọ́ lọ ni. Ìgbà tí a ní ṣáàfùtù eyín 10, bí táyà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí lófo, kíá ni ẹni tó ń wakọ̀ máa ń gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Ẹ̀rù ló kọ́ wa. Nígbà tí ẹ̀rù lọ, ẹ̀kọ́ náà lọ. Ẹ̀gbọ́n á tẹ iná mọ́lẹ̀, ọkọ̀ á ké, ẹrẹ̀ á fò, a ó sì jáde. A máa ń pàtẹ́wọ́. Àìsí kàù yẹn la ń pè ní àlàáfíà. A ò mọ̀ pé kàù yẹn ń sọ̀rọ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Bàbá Ọlọ́pẹ já bọ́ láti orí ọ̀pẹ. Àwọn ló ń bá wa kọ ẹyìn láti kékeré wa, a ò mọ orúkọ mìíràn tí à ń pè wọ́n. Igbà tí wọ́n fi gùn ún ló já. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n wà nílẹ̀, itan òsì wọn ti yà síbi tí itan kì í yà sí, wọn ò sì sunkún. Wọ́n kàn ń sọ pé, "Ẹ rọra, ẹ rọra." A tẹ́ ẹní sẹ́yìn Land Rover, a gbé wọn sí i. Bàbá wa di orí wọn mú. Ẹ̀gbọ́n ló wakọ̀.

A ti lọ ju ìdajì ọ̀nà lọ. Níbi tí àgbàrá ti gbẹ́ ọ̀nà, táyà ẹ̀yìn kó sí kòtò méjèèjì, ikùn ńlá Salisbury sì jókòó sórí ẹrẹ̀ àárín. Dífù tiwa ti tẹ́lẹ̀ kì í kan ibẹ̀, tuntun yìí ń túlẹ̀ bí ọkọ́. Ẹ̀gbọ́n wọ gíà ẹrẹ̀, wọ́n wọ kíní, wọ́n tẹ iná. Ọkọ̀ mì. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ohun tí a gbọ́ lọ́jọ́ náà kì í ṣe kàù. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń lọ òkúta nínú agolo, ó pẹ́, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n tẹ kọ́ńdó ìyeyè. Kò sí nǹkan. Wọ́n fa pupa. Kò sí nǹkan. Iwájú ò fà, ẹ̀yìn ò tì. Gíàbọ́ọ̀sì ló lọ, gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń gba agbára láti inú rẹ̀. Ṣáàfùtù tó ṣẹ́ máa ń mú ẹsẹ̀ méjì lọ, a máa ń fi méjì tó kù délé. Èyí mú gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹni tí itan rẹ̀ ṣẹ́ kò ṣeé gbé sórí ọ̀kadà. A sáré pe àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní abúlé tó sún mọ́ wa, wọ́n já ilẹ̀kùn kan, a tẹ́ ẹní sórí rẹ̀, a gbé Bàbá Ọlọ́pẹ lórí ilẹ̀kùn yẹn gba inú ẹrẹ̀ títí a fi dé títì. Ìrìn tí kò yẹ kó ju wákàtí kan lọ di wákàtí mẹ́rin. Ní gbogbo wákàtí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sẹ́ni tó wo ojú Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n náà ò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

Wọn ò kú. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì wọn kúrú ju ọ̀tún lọ báyìí, wọn ò sì gun ọ̀pẹ mọ́.

Nígbà tí Ọ̀gá tú gíàbọ́ọ̀sì, ó kó eyín gíà sínú àwo oúnjẹ wá bá Bàbá. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀bi wà lọ́rùn èmi náà. Gíàbọ́ọ̀sì yìí ti dàgbà. Tẹ́lẹ̀, kí ìyà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣáàfùtù á ti ṣẹ́. Ṣáàfùtù ló ń gba ẹgba fún un. A mú agbẹ̀gba kúrò, a sì tún fi kún ẹgba." Ó ka gbogbo rẹ̀ lórí ìka: táyà ńlá, kẹ́ẹ̀gì 28, ẹsẹ̀ tí kì í kúrò lórí iná. 109 tí wọ́n yọ Salisbury yẹn lára rẹ̀ náà ń lo irú gíàbọ́ọ̀sì kan náà, ó sì lè pẹ́ bí wọ́n bá wà á jẹ́jẹ́. Kì í ṣe pé irin náà burú. Àwa la rò pé nítorí ibì kan ti le, gbogbo ara ọkọ̀ ti le.

Ìbéèrè Bàbá ló pa dà wá bá wa: bí èyí ò bá ṣẹ́ mọ́, kí ló máa ṣẹ́? Agbára kì í lọ sọ́run. Tí ẹ bá dí i níbì kan, á wá ibòmíì. Ẹni tó bá ń tún ọkọ̀ ṣe kò lè yàn pé kó má ṣẹ́ láéláé. Ibi tó máa ti ṣẹ́ ló lè yàn.

Ọ̀rọ̀ tó wọ̀ wá lára jù, ẹnu Bàbá Ọlọ́pẹ la ti gbọ́ ọ. Nígbà tí a lọ kí wọn, Ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀, wọn ò fẹ́ dìde. Bàbá Ọlọ́pẹ ní kó dìde jàre. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó bi àwọn léèrè pé báwo ni igbà ọlọ́pẹ ọgbọ̀n ọdún ṣe já. Wọ́n ní tiwọn wà nílé lọ́jọ́ yẹn, àyálò ni wọ́n lò. Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń fi ọwọ́ yẹ igbà tiwọn wò láti ìdí dé orí, wọ́n mọ ibi tó ti ń jẹ, bó bá ti jẹ débi kan wọ́n á ṣe òmíràn.

"Ti àyálò yẹn nípọn ju tèmi lọ," wọ́n wí. "Ìdí nìyẹn tí mi ò fi yẹ̀ ẹ́ wò."

Ẹ̀gbọ́n dìde. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa rí omi lójú wọn láti ọjọ́ náà nìyẹn.

A ta Salisbury. Owó rẹ̀ la fi tún gíàbọ́ọ̀sì ṣe, Màmá sì fi kún un. Ògbólógbòó tó wà lábẹ́ igi máńgòrò la tún fọ̀, a pààrọ̀ síìlì àti bíàrín rẹ̀, a gbé e pa dà síbi tó ti wá. A wá pùròpẹ́là tó gùn tó ti tẹ́lẹ̀. Táyà 7.50 lọ, 6.00 pa dà. Ṣáàfùtù tuntun méjì la ra, kúkúrú kan, gígùn kan, àti méjì mìíràn tí a dì sínú àpótí pákó lábẹ́ ìjókòó, pẹ̀lú sípánà, òòfà àti àkísà. Àpótí yẹn ò gbowó tó Salisbury rárá.

Òfin ọkọ̀ náà yí pa dà. Kẹ́ẹ̀gì ò gbọdọ̀ ju 16 lọ. Bí táyà bá yí lófo lẹ́ẹ̀mejì, a ó bọ́ sílẹ̀, a ó gbẹ́lẹ̀, a ó ki imọ̀ ọ̀pẹ sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá pọ̀, a ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ táyà dín, torí táyà tó rọ̀ máa ń fẹ̀ lórí ilẹ̀, á sì dì í mú láìjà. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, a máa ń fa ṣáàfùtù jáde wo eyín rẹ̀. Bó bá ti ń lọ́, a ò ní dúró de kàù.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ṣáàfùtù tó lágbára. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ díje lórí àpáta, tó ní owó láti tún dífù, pùròpẹ́là àti gíàbọ́ọ̀sì ṣe tẹ̀ lé e, tí ọkọ̀ mìíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó lè fà á jáde, kó ra á. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè Bàbá wa. Àwa ò ní ọkọ̀ kejì. Epo àti èèyàn là ń kó. Fún irú wa, irin tí a lè pààrọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà sàn ju irin tí a rò pé kò lè ṣẹ́.

Ó sì tún ṣẹ́. Oṣù kẹjọ ọdún 2021, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojú ibi tí 2018 náà ni. Kàù! Bàbá pa ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó gbé orí lé sítíárìn. Àbúrò wa ti ń fa àpótí jáde kí Ẹ̀gbọ́n tó bọ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́fà. Kúkúrú ló ṣẹ́, tọ̀tún. Òòfà fa kùkùté jáde, tuntun wọlé, a fọ eyín rẹ̀, a fi ọ́ìlì pa á, a dì í. Màmá jẹ àgbàdo sísun kan tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkejì, wọn ò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì tí a fi gbéra. Wọn ò ka kẹ́ẹ̀gì lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ bá dé ẹ̀yìn ilé wa ní Ìrẹ̀lẹ̀, ẹ máa rí ọ̀pá irin mẹ́rin tí Bàbá gún mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́. Eyín orí wọn ti lọ́. Ẹ̀gbọ́n ló gún ìkẹrin mọ́lẹ̀.